Títí Dé Ìgúnpá

Òjò oṣù Àṣáárù fi ọjọ́ mẹ́rin rọ̀ ní Dúmúríà,
bèbè adágún wa ní ìhà ìlà-oòrùn ya lulẹ̀,
omi wá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Èmi wà ní Dákà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ
nígbà tí ìyá mi pè: “Máhátàbù, n kò rí ẹja mi mọ́.”

Mo wọ bọ́ọ̀sì òru. Mo ra álọ́ọ̀mù kílò márùn-ún,
funfun báláú, ó ń dán bíi yìnyín.
Mo ti fi ojú ara mi rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú garawa
ní yàrá tí à ń yá gbé: sọ ẹyọ kan sí i, rò ó yíká,
kí o tó mu tíì tán, ẹrẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀.
Kí ni adágún bí kò ṣe garawa ńlá?

Jọ́rínà ìyá mi gbé àpò náà wò, ó gbé e sílẹ̀.
“Ṣé ẹja wà nínú garawa yín?”
N kò fèsì.
Ó ní Tọ́fájáálì aládùúgbò fi ìkánjú dà á sómi lọ́dún tó kọjá,
omi mọ́ lọ́sàn-án, ó sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.
Kí ilẹ̀ tó mọ́,
àwọn rúì ti léfòó, ikùn wọn kọjú sí ọ̀run.
Omi mọ́ o. Ta ló kù tí yóò gbé inú rẹ̀?

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè,
ó ti apá bọ omi títí dé ìgúnpá.
Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pòórá bí ẹni pé wọ́n gé e.
“Ọjọ́ tí mo bá rí ìka mi, ọjọ́ náà ni kí o padà.”

Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀gá fún mi.

A kọ́kọ́ tún bèbè mọ. Amọ̀, ọparun,
koríko tí a gbìn ní ẹsẹẹsẹ bí irun ọmọdé.
A lé pẹ́pẹ́yẹ Tọ́fájáálì; ó bínú, ó sì gbàgbé.
A di pòròpórò ìrẹsì gbígbẹ ní ìdì-ìdì, a so ó mọ́ ọ̀pá,
kó lè ṣeé fà jáde kó tó rà jù.
“Èyí tó bá rà jù, èémí ẹja ló ń jẹ,”
ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò kọjá kíláàsì kejì.

Lọ́jọ́ kẹta, omi pupa. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ṣì pupa.
Mo pe ọ̀gá. Mo purọ́ ibà.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà mo jókòó sétí omi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
mo rí ẹrẹ̀ tó ń ru gùdù láti ìsàlẹ̀ bí èéfín
níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀:
àwọn kàápù tí baba mi fi sílẹ̀, mẹ́ta, arúgbó, onírùngbọ̀n,
wọ́n ń fi ẹnu tú ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù.
Àwọn tí a tìtorí wọn ń ṣe omi jẹ́jẹ́
gan-an ló ń dà á rú.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
“Baba rẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́.”
Àwọ̀n rírọ̀, ìkòkò ńlá, aṣọ tútù lórí rẹ̀;
a gbé wọn lọ sí adágún kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná,
à ń rìn bí ẹni ru ẹyin,
ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà. N kò gbọ́ ohun tó sọ.

Ọjọ́ kọkànlá. Apá wọ omi títí dé ìgúnpá.
Ọrùn ọwọ́ la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ìka,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí bí ewé tútù,
ọmọ kátílà kan sì gba àárín wọn kọjá.
Mo ní ká fi pòròpórò kún un, kó mọ́ gaara bíi dígí.
Ó mi orí. “Ó tó bẹ́ẹ̀.
Ẹyẹ apẹja tó wà lórí máńgòrò yẹn, òun náà lójú.”

Wọ́n gé owó oṣù mi ní Dákà.
Álọ́ọ̀mù náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi.
Bí mo bá fárùngbọ̀n tán, mo máa ń fi ẹyọ kan ra ojú abẹ:
á ta mí díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dá.